Owú Tí Mo Jẹ Nítorí Bọ́ọ̀lù Fọ́lẹ̀ Ọmọ Mi

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí n jí lónìí tí ọmọ mi wà nínú ilé, tí àwa méjèèjì sì ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lè rò pé ọpẹ́ kékeré nìyí. Ẹ̀yin ará, kì í ṣe ọpẹ́ kékeré rárá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí mo fi kọ ẹ̀rí yìí sínú ìwé, tí n kò dìde sọ ọ́ bí àwọn yòókù. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo lọ bá Màmá Ìjọ, ìyàwó pasítọ̀ wa, mo ní mo fẹ́ jẹ́rìí. Mo ní ọmọ mi kò mọ bọ́ọ̀lù gbá, a gbàdúrà, wọ́n sì ti mú un sínú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù CEG, ilé ìwé rẹ̀. Màmá wò mí títí.

"Màmá Ẹ́sítà, ṣé gbogbo rẹ̀ nìyẹn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Tí o bá dúró níwájú ìjọ tí o sọ ibi tó dùn nìkan, o ti ja Ọlọ́run lólè. Mo kìlọ̀ fún ẹ o. Lọ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹnu rẹ máa yà bàrá tó bá dé ibi tó le, àmọ́ tí o bá ti kọ ọ́, ó ti wà níbẹ̀."

Ìkìlọ̀ yẹn ló gbé bírò lé mi lọ́wọ́. Akọ̀wé ìjọ máa kà á fún yín, wọ́n á sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún àwọn ará wa ní Tchatchou àti Goro. Ìwé ẹ̀rí BEPC ni mo ní, n kò kàwé jù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ bí a ṣe ń to nǹkan bó ṣe ṣẹlẹ̀. Màá tò ó.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni mo ń ta wàrà sójà, èyí tí a fi ẹ̀wà sóyà ṣe, ní ẹ̀bá ọ̀nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn mótò ti ń yà lọ sí Alafiarou. Bàbá Ẹ́sítà ń dá oko iṣu àti kajú. Ọmọ méjì ni mo bí, obìnrin ni àwọn méjèèjì. Rúùtù, àkọ́bí mi, lọ gbé lọ́dọ̀ àbúrò ọkọ mi obìnrin ní Parakou nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Wọ́n ní kó kàn lọ lo ọdún kan ni. Ó ti pé ọdún méje báyìí. Tó bá wá sílé nígbà ìsinmi, àbúrò ọkọ mi ló ń pè ní "Maman". Èmi, "Maman Tchaourou" ló ń pè mí, Tchaourou ìlú wa yìí, bí ẹni ń pe orúkọ ibi tí mótò ti ń dúró. Ọmọ dáadáa ni, kò ní ẹ̀mí búburú kankan nínú. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo wọ inú yàrá lọ, mo fi aṣọ di ẹnu mi.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti sọ fún ara mi pé kò sẹ́ni tó máa tún gba èyí tó kù. Ẹ́sítà ti pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kíláàsì sekọ́ǹdì ló wà, ọdún karùn-ún ní girama. Láti CEG dé ilé wa, ìṣẹ́jú méjìdínlógún ni tí èèyàn bá fi ẹsẹ̀ rìn. Tó bá ti di ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n, mo ti dé ẹ̀bá títì, mo ń wo ọ̀nà.

Lọ́jọ́ Ajé kan, mo ń pọnmi ní fọ́ǹtéènì, ẹ̀rọ omi àdúgbò wa, nígbà tí Tata Ràfí dé pẹ̀lú bídóò ìpọnmi rẹ̀. Tata Ràfí, Tata bí àwọn ọmọ wa ṣe ń pe àǹtí, ni aránṣọ tí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ àti ẹ̀yìnkùlé wa jọ pín ọgbà. Mùsùlùmí ni, mo ju ú lọ ní ọdún mẹ́fà. Ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, kì í fi bẹ́ẹ̀ sí nílé. Kò tíì bímọ. Ó pariwo láti òkèèrè:

"Màmá Ẹ́sítà, ẹ kú oríire o! A máa ní agbábọ́ọ̀lù láàárín wa!"

"Bọ́ọ̀lù wo?"

"Fọ́lẹ̀! Háà! Kò tíì sọ fún yín?"

Ẹ̀yin ará, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó mọ̀ kí n tó mọ̀. Èmi tí mo bí i, ní ìdí ẹ̀rọ omi ni mo ti gbọ́, bí ẹni ń gbọ́ ìròyìn ìlú mìíràn.

Ọ̀rọ̀ náà ni pé prófẹ́sọ̀, olùkọ́ tó ń kọ́ wọn ní eré ìdárayá, fẹ́ ṣa ọmọbìnrin méjìlá sínú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù fọ́lẹ̀ ilé ìwé, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbá kọjá lórí àwọ̀n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́rin ló kù. Ọmọbìnrin mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló ti forúkọ sílẹ̀. Ẹ́sítà ga, òun ló ga jù ní kíláàsì rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù yẹn rí láyé rẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó dán an wò, bọ́ọ̀lù bà á ní imú. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Òpó Iná, pé ó ga, ó sì dúró sójú kan. Èyí náà, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ilé aránṣọ ló ti lọ sọ ọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi.

"Ẹ máa sọ pé rárá ni, Màmá."

"Ta ló sọ fún ẹ pé màá sọ pé rárá?"

"Ẹ sọ pé rárá sí kẹ̀kẹ́. Ẹ sọ pé rárá nígbà tí kíláàsì wa ń lọ sí Savè. Ẹ sọ pé rárá sí odò."

"Odò kẹ̀? Ṣé o fẹ́ kú sómi ni?"

Bàbá rẹ̀ tó ń jẹun bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ yìí ti kó ẹ̀rí jọ, adájọ́ ló yẹ kó lọ kọ́. Jẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ jàre."

Bàbá rẹ̀ ti sọ̀rọ̀. Mo gbà. Ẹnu mi ló gbà.

Tata Ràfí ti gbá bọ́ọ̀lù yìí rí nígbà tó wà ní lycée, ilé ìwé girama, ní Natitingou. Ó gbé fọ́tò rẹ̀ kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù, ó wọ ẹ̀wù tí wọ́n kọ nọ́ńbà méje sí. Ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ó na okùn láti ara igi kajú dé òpó ilé ìdáná, ó fi téèpù ìránṣọ wọn gíga rẹ̀: mítà méjì àti sẹ̀ǹtímítà mẹ́rìnlélógún, bí àwọ̀n àwọn obìnrin ṣe ń ga gẹ́lẹ́. Mo gbọ́ tó ń sọ nọ́ńbà náà láti ẹ̀yìn ọgbà. Nǹkan ló jẹ́ fún mi pé ó pé bẹ́ẹ̀, nítorí èmi náà fẹ́ràn kí nǹkan pé. Kàkà kí inú mi dùn, ó dùn mí pé n kò rí ibi kankan bá a wí.

Gbogbo ìrọ̀lẹ́, Ẹ́sítà á bọ́ aṣọ ilé ìwé, á lọ. Èmi á máa ro wàrà lórí iná, etí mi á wà ní ẹ̀yìnkùlé.

"Tẹ eékún! Tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó fẹ́ jókòó sórí àpótí!"

"Mo ti tẹ̀ ẹ́, Tata!"

"O ò tẹ̀ ẹ́. Ìyá àgbà mi tẹ eékún jù ẹ́ lọ, ó sì ti kú!"

Ẹ̀rín á wá sọ. Ẹ̀rín yẹn ló ń pa mí. Nínú ilé wa, Ẹ́sítà kì í rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Mo ń tọ́jú rẹ̀, mo ń ṣọ́ ọ, mo ń yọ egungun kúrò nínú ẹja rẹ̀ títí di ìsinsìnyí, ṣùgbọ́n n kò mọ bí a ṣe ń pa á lẹ́rìn-ín.

Tó bá wọlé, "Tata ní" ló máa ń sọ. Tata ní kí n mu omi dáadáa. Tata ní kí n má wo ọwọ́ mi, kí n wo bọ́ọ̀lù. Ní alẹ́ kan mo kà á. Ìgbà mọ́kànlá ló sọ "Tata ní" kó tó jẹun tán. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo rí apá rẹ̀. Ibi tí bọ́ọ̀lù ń bà láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá ti pọ́n bí ẹran tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Mo fò dìde, mo lọ mú òrí wá, mo yọ́ ọ nínú àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo di apá náà mú. Òrí ti wà lára rẹ̀, ó ń dán.

"Tata ti fi pa á fún mi, Màmá."

Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú òrí yíyọ́ nínú àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. N kò mọ ibi tí màá nù ún sí. Mo fi pa ẹsẹ̀ ara mi.

Mo ti dé ibi tó le báyìí. Màmá Ìjọ, ẹ wò ó, n kò yà.

Lọ́jọ́rú ọ̀sẹ̀ kejì, mo ń fún omi ara sójà nígbà tí mo gbọ́ Tata Ràfí tó pariwo pé, "Káre, ọmọ mi! Káre!" Gbogbo wa la mọ̀ pé kò sí àgbàlagbà tí kì í pe ọmọ ọlọ́mọ ní ọmọ mi. Èmi náà ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀ nídìí wàrà. Ṣùgbọ́n mo yí ọgbà náà po tọwọ́ tútù tọwọ́ tútù, omi sójà ń kán sílẹ̀ láti ìka mi.

"Ọmọ ta ni?"

Ó rò pé eré ni. "Ọmọ gbogbo wa ni! Màmá Ẹ́sítà, ẹ wá gba bọ́ọ̀lù sẹ́fíìsì kan wò, ẹ jẹ́ ká mọ̀ bóyá ọ̀dọ̀ yín ló ti mú gíga yìí."

Mo sì sọ ọ́. Mo ní, "Ràfí, tó bá jẹ́ ọmọ lò ń wá, lọ bí tìẹ."

Bọ́ọ̀lù yí lọ sábẹ́ igi kajú. Kò sẹ́ni tó lọ mú un. Tata Ràfí ká téèpù ìránṣọ rẹ̀ mọ́ ìka méjì, ó ká a títí ó fi tán, ó wọlé. Ọmọ mi dúró níbẹ̀, ó ń wò mí. N kò rí i kó wò mí bẹ́ẹ̀ rí.

Kò tán níbẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, ní ìpàdé àdúrà, mo jáde síwájú. Ẹ máa rántí. Mo ní kí ìjọ bá mi gbàdúrà, kí Ọlọ́run gba ọmọ mi kúrò lọ́wọ́ àjèjì tó nawọ́ mú un. Ẹ ṣe Àmín lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹnì kan ní ẹ̀yìn fi ọwọ́ lu bẹ́ǹṣì. Ẹ rò pé àìsàn ni, tàbí ẹ̀mí àìmọ́. Ẹ kò mọ̀ pé aránṣọ ni. Ẹ dárí jì mí, mo fi Àmín yín jà.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, láti agogo mẹ́fà àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Àwọn ìyá mìíràn máa ń gbààwẹ̀ kí ọmọ wọn lè yege. Èmi gbààwẹ̀ kí wọ́n má ṣe mú Ẹ́sítà. Mo fẹ́ kó kùnà, kó bàa lè padà wá jókòó tì mí.

Ó sì padà wá jókòó tì mí. Kò lọ sí ilé Tata Ràfí mọ́. Ìṣẹ́jú méjìdínlógún géérégé, ó ti dé. Ó ń bá mi ṣa òkúta kúrò nínú sójà, orí rẹ̀ wà nílẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá." "Rárá, Màmá." "Ó ti tó, Màmá." Mo ní ọmọ mi nílé láti òwúrọ̀ dé alẹ́, mo sì ń ṣe àárò rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, mo gbọ́ tí nǹkan ń lu ògiri ilé ìdáná, pọ̀, pọ̀, pọ̀. Ó ti fi okùn di òṣùká mi pọ̀ di roboto, ó ń fi apá gbá a mọ́ ògiri. Mo ní kó jẹ́ kí n máa jù ú sí i. Ó wò mí, ó gbé e fún mi. Mo jù ú bí ẹni ń lé ewúrẹ́. Ó bà á ní àyà.

"Rárá, Màmá. Wọ́n máa ń jù ú sókè díẹ̀. Tata máa ń..."

Ó gba òṣùká náà lọ́wọ́ mi, ó tú u, ó ká a sórí agbada bó ṣe yẹ. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, orúkọ tó gé kù yẹn mú mi jowú ju ìgbà mọ́kànlá àkọ́kọ́ lọ.

Báyìí ni Sátidé tó ṣáájú oúnjẹ Olúwa fi dé. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìjọ wa mọ àṣà wa, ṣùgbọ́n bóyá àwọn ará Goro kò mọ̀ ọ́n. Ní Sátidé náà, Màmá Ìjọ máa ń lọ láti ilé dé ilé, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ṣé o ní ìjà pẹ̀lú ọmọ ìjọ kankan?" Tí o bá ní, o gbọ́dọ̀ lọ parí rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, o kò gbọdọ̀ jẹ oúnjẹ náà. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, mo ti múra ìdáhùn sílẹ̀.

"Màmá, mi ò ní ìjà pẹ̀lú ọmọ ìjọ kankan."

Òótọ́ ni. Mo ti wọ̀n ọ́n. Mọ́ṣáláṣí ni Tata Ràfí ń lọ, kì í ṣe ọmọ ìjọ. Màmá Ìjọ lọ. Ẹ́sítà kò sí nílé, ó lọ pọnmi, mo sì dáhùn fún un pé òun náà kò ní. Mo sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù báyìí.

Lọ́jọ́ Àìkú, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, ẹgbẹ́ akọrin ló kọ́kọ́ dìde lọ síbi tábìlì. Gbogbo wọn dìde. Ẹ́sítà jókòó. Mo rò pé kò gbọ́ ni. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fọwọ́ kàn án, ó mi orí. Ó jókòó síbẹ̀ nínú aṣọ akọrin funfun, òun nìkan ṣoṣo lórí bẹ́ǹṣì, gbogbo wa sì rí i. Ẹ̀yin obìnrin ìlà kejì, mo rí bí ẹ ṣe yíjú síra yín. Mo mọ ohun tí ẹ rò, nítorí èmi náà ti rò ó: ọmọbìnrin ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí kò jẹ oúnjẹ Olúwa, kí ló fi pamọ́? Oyún ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn.

Nígbà tó kan ìlà wa, mo lọ. Mo jẹ ẹ́. Búrẹ́dì náà kò ju èékánná lọ, mo gbé e mì.

Lẹ́yìn ìsìn, mo fà á lọ sí ẹ̀yìn ilé ìjọsìn.

"Kí lo ṣe? Ta ló fọwọ́ kàn ẹ́? Sọ fún mi, mi ò ní nà ẹ́."

"Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn mí, Màmá. Mo ní ìjà ni."

"Pẹ̀lú ta?"

"Pẹ̀lú yín. Ọmọ ìjọ sì ni yín."

Olúwa ò! Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, kò jágbe, omi wà lójú rẹ̀. Gbogbo bí mo ṣe wọn ọ̀rọ̀ mi tó, ọmọ náà ti wọn tirẹ̀ jù mí lọ. Ó yàn láti dójú ti ara rẹ̀ níwájú gbogbo ìjọ ju kó jẹ oúnjẹ tí mo ti parọ́ jẹ.

A rìn lọ sílé. Òun ló wà níwájú, mo wà lẹ́yìn. Mo wọ ilé ìdáná, mo ti ilẹ̀kùn. N kò ké, n kò fi èdè mìíràn gbàdúrà. Mo ní, "Olúwa, mo jowú. Mo jowú obìnrin tí kò ní ohun tí mo ní. Ẹ gbà mí." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo pe nǹkan náà lórúkọ rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, mo ń pè é ní ìṣọ́ra, mo ń pè é ní ìfẹ́ ìyá. N kò gbọ́ ohùn, n kò rí ìmọ́lẹ̀. Ohun tí mo rí gbà ni pé ẹsẹ̀ mi gbà láti dìde, mo sì tètè tẹ̀ lé e kó tó yí ọkàn padà.

Tata Ràfí wà nídìí maṣíìnì rẹ̀, ó ń rán aṣọ. Ó rí mi, kò dúró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Mo kúnlẹ̀ sórí àjákù aṣọ tó wà nílẹ̀.

"Ẹ dìde, Màmá Ẹ́sítà. Ẹ jù mí lọ, ẹ fẹ́ kó ègún bá mi ni?"

"Jẹ́ kí n sọ ọ́ níbí, Ràfí. Tí mo bá dìde, màá sá lọ."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo sọ ọ̀rọ̀ burúkú tí mo sọ, mo tún un sọ bó ṣe jẹ́ gẹ́lẹ́ kí n má bàa bẹ̀bẹ̀ fún nǹkan mìíràn. Mo sọ ti ìpàdé àdúrà àti ti ààwẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi ààwẹ̀, ó la ẹnu.

"Ẹ gbààwẹ̀ kí ọmọ yín má yege?"

"Ọjọ́ mẹ́ta."

"Láìjẹun?"

"Láìmu omi."

"Allahu akbar. Ẹ mà le o." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín. Ó fa òwú kúrò lára abẹ́rẹ́, ó ń lọ́ ọ. "Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ yẹn, ìyá ọkọ mi ti sọ ọ́. Àwọn obìnrin ọjà ti sọ ọ́. Mo ti mọ ọ̀nà tó máa ń gbà wọlé. Ohun tó dùn mí ni pé ọmọ náà wà níbẹ̀. N kò fẹ́ kó mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀ nìyẹn."

Mo sunkún. Ó jẹ́ kí n sunkún tó, ó wá ju àjákù aṣọ kan sí mi kí n fi nu ojú.

"Ọjọ́ mélòó ló kù?"

"Mọ́kànlá. Tí a bá yọ Ọjọ́ Ẹtì kúrò nítorí tìẹ, tí a yọ Ọjọ́ Àìkú kúrò nítorí tiwa, mẹ́sàn-án."

"Kó máa bọ̀ lọ́la. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà máa wá. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ni mo ní, ó sì ń yí wọ inú ata mi. Ẹ̀yin lẹ máa ṣà á."

Báyìí ni mo fi di aṣabọ́ọ̀lù. Ọjọ́ mẹ́sàn-án. Wọ́n á gbá a, á lọ sínú ata, màá lọ mú un. Wọ́n á gbá a, á lọ bá ewúrẹ́, màá lọ gbà á.

"Màmá Ẹ́sítà, ẹ ju bọ́ọ̀lù náà! Kì í ṣe ìkòkò wàrà, kò ní dànù!"

Ẹ má rò pé owú náà ti lọ. Tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, ó ń ta mí. Nígbà tí Tata Ràfí di ìgbáròkó ọmọ mi mú láti fi bí a ṣe ń dúró hàn án, mo wà ní ìdúró nínú ata, mo ń sọ pé, "Olúwa, ó tún ti dé. Ẹ gbà mí." Lọ́jọ́ mìíràn mo máa ń sọ ọ́ bí ìgbà ogún. Ṣùgbọ́n mo rí nǹkan tí n kò rí láti ẹ̀yìn ọgbà. Mo rí bí ọmọ mi ṣe ń ṣubú tó sì ń dìde láìwo ẹ̀yìn bóyá mo ń bọ̀. Mo rí i tí bọ́ọ̀lù kọ́kọ́ sọ kúrò lápá rẹ̀ tó lọ sókè tààrà, tó sọ̀ kalẹ̀ sọ́wọ́ Tata Ràfí bí ẹyẹ tó mọ ilé. Ó ké. Mo ké. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí n kò ní láti ṣà nìyẹn.

Ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n máa ṣa wọ́n dé. Mo gbé agbada wàrà mi lọ sí ẹ̀bá pápá CEG. Tata Ràfí ti ṣọ́ọ̀bù, ó dúró ní òdìkejì. Prófẹ́sọ̀ náà ń pe wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: kí wọ́n gba bọ́ọ̀lù mẹ́wàá, kí wọ́n gbá márùn-ún kọjá lórí àwọ̀n. Nígbà tó kan Ẹ́sítà, ọmọ kan pariwo, "Òpó Iná!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ́sítà tẹ eékún. Nínú mẹ́wàá, ó gba mẹ́fà dáadáa. Èkíní nínú àwọn tó gbá bọ́ sínú àwọ̀n, èkejì jáde síta. Mo di etí agbada mú. Ẹ̀kẹta kọjá. Ẹ̀kẹrin kọjá. Ìkarùn-ún kọjá, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Mo ti sọ pé n kò ní yà bàrá, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Prófẹ́sọ̀ ka orúkọ méjìlá, Ẹ́sítà kò sí níbẹ̀. Ó wá ka orúkọ méjì fún rézáfù, àwọn tó máa wọlé tí ẹnì kan bá farapa tàbí tó rẹ̀ ẹ́. Orúkọ Ẹ́sítà ló kọ́kọ́ kà. Wọ́n máa wọ aṣọ ẹgbẹ́, wọ́n á máa bá wọn lọ. Ọmọ tí bọ́ọ̀lù bà ní imú ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn, tí ìyá rẹ̀ gbààwẹ̀ lòdì sí i! Ọlọ́run kò gbọ́ àdúrà burúkú tí mo gbà. Ẹ bá mi dúpẹ́ fún àdúrà tí kò gbọ́.

Ẹ́sítà sáré. Ó fẹsẹ̀ méjèèjì fò bí ọmọ kékeré, ó sáré kọjá pápá. Ó sáré lọ bá Tata Ràfí.

Ẹ̀yin ará, mo rí i. Ó dì mọ́ ọn, ó gbé ojú sí i léjìká, wọ́n ń mì tìtì. Gbogbo owú tí mo rò pé mo ti fi sílẹ̀ nínú ata dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ọwọ́ mi ti wà lára agbada láti gbé e rù kí n sì máa lọ. Mo mọ obìnrin tó máa lọ sílé lọ́jọ́ yẹn àti bí ilé rẹ̀ ṣe máa rí fún ọdún tó kù. Mo ní, "Olúwa, ẹ gbà mí," mo sì dúró. N kò ṣe nǹkan mìíràn. Mo dúró, mo wò wọ́n títí wọ́n fi dì mọ́ra tán. Ìdáǹdè tí mo wá jẹ́rìí sí nìyẹn, pé èmi ni mo wà ní ipò kejì, n kò sì lọ.

Lẹ́yìn náà ó yíjú, ó wá mi, ó sáré bọ̀.

"Màmá! Ṣé ẹ rí i?"

"Mẹ́fà nínú mẹ́wàá. Mẹ́ta nínú márùn-ún."

"Ẹ kà á?"

"Kí ni kí n wá ṣe?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ẹ̀yìnkùlé yẹn gan-an ni, èmi ni mo sì pa á lẹ́rìn-ín. Lálẹ́, ó bi mí bóyá mo ṣì ní òrí.

Ògo ni fún Ọlọ́run. Ẹ bá mi yọ̀, ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi, mo tọrọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo ṣì nílò yín. Ní Sátidé tó ń bọ̀, ẹgbẹ́ náà máa lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Savè, wọ́n á sun oorun méjì níbẹ̀. Prófẹ́sọ̀ ní kí obìnrin kan bá àwọn ọmọ náà lọ, Tata Ràfí ló sì bẹ̀. Agogo mẹ́fà àárọ̀ ni mótò wọn máa gbéra. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ẹ̀rí yìí, àti ẹ̀yin tí ẹ kà á ní Tchatchou àti Goro, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí mi nínú àdúrà ní agogo náà. Àpò Ẹ́sítà máa wà lọ́wọ́ mi, mo sì gbọ́dọ̀ gbé e lé Tata Ràfí lọ́wọ́.